Ẹ̀rọ Kan fún Ọmọ Méjì

Lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún mi pé ọmọ méjì ló wà nínú mi, kò tíì nu ohun tútù tó fi pa mí níkùn kúrò tí mo fi sọ fún un pé ẹ̀rọ ni n óò fi máa fún omi ọmú mi sínú ìgò, pé mi ò ní gbé ọmọ kankan sí ọmú. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bí wọn ná, ìyá," ó ní. Ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù kọ́. Inú ló ń bí mi, ìbínú náà sì ti pẹ́ lára mi.

Ọmọ mi àkọ́kọ́, obìnrin, tó ti ń lọ síléèwé báyìí, kò mu ọmú mi dáadáa rí. Orí ọmú mi wọlé sínú, kò yọ síta bí ti àwọn ẹlòmíì. Ọmọ á wá a títí, á ké, èmi náà á ké. Bó bá tilẹ̀ rí i mú, á bó mi lára, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Wọ́n ra wàrà alágolo fún un, ó sanra, gbogbo ilé dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri Igbein pé ọmú mi ò lómi. Irọ́ ni. Omi wà níbẹ̀, ojú ọ̀nà ni kò là.

Ẹ sì wá wò ó, bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Mo ti ya àwòrán ọmú sójú pátákó fún àìmọye ọmọ tó ń dọ́gbọ́n rẹ́rìn-ín sínú ìwé. Kí n wá délé kí àwọn tí kò yà á rí máa ṣàlàyé ọmú tèmi fún mi. Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ẹ bá mi fara dà á.

Nítorí náà, ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju ọ̀kan lọ: omi ọmú mi ni àwọn ìbejì yìí yóò mu, wọn ò ní fẹnu kan agolo, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí ọ̀rọ̀ sọ sí mi mọ́. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Mo bẹ̀rẹ̀ ìpalẹ̀mọ́ lọ́sẹ̀ náà gan-an.

Ilé bàbá ọkọ mi ni à ń gbé ní Igbein. Àwa wà lókè, ìyá ọkọ mi wà nísàlẹ̀. Ọmọ oko ni ìyá náà, apá Odeda ni wọ́n bí wọn sí kí wọ́n tó fẹ́ wọn wá sáàárín àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì nígboro, wọ́n sì ti di ìyá ìjọ báyìí. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó bí ọmọ àkọ́kọ́, nítorí náà àwọn ló wẹ ọmọ fún mi, àwọn ló fi omi gbígbóná jó mi níkùn. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Ìyẹn ló tilẹ̀ ń mú kí ọ̀rọ̀ náà le, nítorí mi ò lè bá wọn jà tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún wọn, wọ́n gbé ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já sílẹ̀.

"Kí wọ́n máa fún ẹ bíi màlúù?"

"Èmi fúnra mi ni n óò máa fún un, Mọ́mì. Inú ìgò ló máa wọ̀, ìgò ni wọ́n á fi mu ún."

"Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà láyé."

"Ìyá tó wà láyé náà ló ni omi ọmú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Mọ́mì."

Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn pé kó dá sí i. Ọkọ mi ní, "A máa ṣe é." Bó ṣe máa ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Òrùlé ń jò, a máa ṣe é. Iná ò sí, a máa ṣe é. Èmi àti ìyá rẹ̀ kò mọ ẹni tó gbè lẹ́yìn nínú àwa méjèèjì, kálukú wa sì gbà pé òun ni.

Nígbà tó yá, ẹbí ọkọ mi ní àwọn fẹ́ dáwó jọ ra ẹ̀bùn fún àwọn ìbejì kí wọ́n tó dé, kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Mo ní mi ò fẹ́ aṣọ, mi ò fẹ́ ibùsùn, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́: ẹ̀rọ oníná tó ń fún omi ọmú, tó ní ife méjì tí wọ́n ń gbé sí ọmú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù. Ìyá ọkọ mi gba fóònù náà, wọ́n gbé e jìnnà sí ojú, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n ní àwọn ti rí i. Mo fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n gbé e dé, àwọn àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Wọ́n gbé báàgì náà lé mi lẹ́sẹ̀ pé kí n tú u. Ohun tí mo kọ́kọ́ fà yọ ni nǹkan oníke kékeré kan tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ láti fún omi ọmú, irú èyí tí ọwọ́ á ti ro èèyàn kí ìsàlẹ̀ ìgò tó tutù. Mo rò pé èènì ni. Mo tún tọwọ́ bọ báàgì. Ìkejì rẹ̀ ni mo fà yọ, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ̀rọ oníná ni mo fi hàn yín."

"A rí i. Owó tó wà lọ́wọ́, ẹyọ kan ló lè rà."

"Ẹyọ kan náà ni mo ní kí ẹ rà."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kọ háà. "Ẹyọ kan? Fún ìbejì?"

"Ẹ̀rọ kan yẹn lẹ́nu méjì, Àǹtí."

"Ẹnu méjì, inú kan," ìyá ọkọ mi dáhùn. "Inú méjì ni àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ní. Kí èkíní máa mu kí èkejì máa wò ó lójú? A kì í ra ẹyọ kan fún ìbejì."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ Ẹ̀gbá? Aṣọ tí o bá rà fún ọ̀kan, o gbọ́dọ̀ ra irú rẹ̀ fún èkejì, bó bá jẹ́ bàtà, bàtà, bó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀. Mi ò ba ìyẹn jẹ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé òfin náà ti dé orí ẹ̀rọ. Mo jókòó, mo ń wo àwọn nǹkan oníke méjèèjì, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ọwọ́ òsì, mo sì ń bi ara mi pé ọwọ́ wo ló wá ṣẹ́ kù tí n óò fi họ imú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ni kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún ìbejì, mo dúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ńṣe ni ilé wa di ọkọ̀ Nóà. Gbogbo nǹkan ń wọlé ní méjì méjì. Abọ́ ìwẹ̀ méjì, ó dára. Fíláàsì méjì, n óò lò ó. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ìkòkò méjì tí wọ́n fi ń se ìgò ọmọ ṣe lórí sítóòfù kan? Aládùúgbò wa kan gbé ìkòkò kan wá lóòótọ́, inú mi ń dùn pé ọlọ́gbọ́n kan ti dé, ó bá ìyá ọkọ mi pàdé ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ díẹ̀, ó yí padà, ó lọ ra ìkejì. Ó tún bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé òun gbàgbé ni.

Ohun tí mo béèrè nìkan ni kò wọlé. Mo gbéra, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánṣẹ́kẹ́ tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọmọ. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní tuntun ti tán. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó sì gbé tòkunbọ̀ kan jáde, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ẹ̀rọ ọmú tòkunbọ̀. Mo gbé rọ́bà rẹ̀ sókè, mo rí nǹkan funfun tó ti gbẹ mọ́ ọn nínú.

"Wọ́n ò tíì lò ó púpọ̀, mà," ó ní.

Mo bi í pé ta ló lò ó. Ó ní òun ò mọ̀, pé inú kọ̀nténà ló ti wá. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa kòkòrò àìfojúrí. Mo jáde níbẹ̀ láìdágbére.

Níkẹyìn, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló bá mi rí tuntun rà ní Èkó. Nígbà tó dé, ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ ní kí n wọn orí ọmú mi, kí n lè mọ ife tó bá mi mu. Mo mú rúlà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, mo jókòó sétí ibùsùn, mo bọ́ ẹ̀wù, mo ń wọ̀n ọ́n. Ìyá ọkọ mi ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Kí lò ń wọ̀n?"

"Orí ọmú mi ni, Mọ́mì."

Wọ́n wo rúlà náà. "Ṣé wọ́n fẹ́ rán aṣọ fún un ni?"

Wọ́n jáde, wọ́n rọra pa ilẹ̀kùn dé bí ìgbà tí èèyàn bá jáde nínú yàrá aláìsàn. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn wọn nísàlẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n sì ń dárúkọ mi nínú rẹ̀.

Ti ọkọ mi tún yàtọ̀. Dókítà ti kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ dán ẹ̀rọ náà wò lára mi kí n tó bímọ, pé ó lè mú kí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ láìtọ́jọ́. Ọkọ mi ní òun á bá mi dán an wò. Ó gbé ife kan lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ náà sí ibi tó le jù. Ó fà á. Òrùka ńlá kan wú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ìbejì, bó ṣe gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì nìyẹn, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé kòkòrò ló jẹ òun. Ìyá rẹ̀ wò ó, wọ́n sì wò mí. Inú bí mi débi tí mo fi rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fírísà. Ti ìyá ọkọ mi ló dára jù nínú ilé, wọ́n sì gbà láti kó ẹja inú rẹ̀ sí apá kan. Mo lọ wò ó, mo bá okùn kan tí wọ́n ti ta sí àárín rẹ̀. Wọ́n ní omi ọmú ọ̀tún ni kí n máa kó sí apá kan, fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ayé, omi ọmú òsì sí apá kejì, fún ẹni tó bá dé tẹ̀ lé e, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n. Mo ní bí òsì ò bá pọ̀ tó ọ̀tún ńkọ́? Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n á fara dà á.

"Mọ́mì, ara kan náà ló ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ kan náà."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," wọ́n ní, wọ́n sì pa fírísà náà dé.

Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Ó sú mi débi tí mo fi jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí mo sunkún, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́, ẹkún kí-ló-dé-gan-an ni. Ọkọ mi bá mi níbẹ̀. Kò sọ pé a máa ṣe é. Ó lọ ra bátìrì ńlá tí yóò máa gbé ẹ̀rọ náà àti fírísà nígbà tí iná bá lọ. Mo gba ìyẹn bí ẹ̀bẹ̀.

Àwọn ìbejì dé kí oṣù tó pé, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbà wọ́n jáde, ọkùnrin méjì, wọ́n kéré ṣùgbọ́n ara wọn le. Ẹnikẹ́ni ò béèrè orúkọ wọn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì kan gbé ọ̀kan wá bá mi, ó ní kí n kàn gbé e sí àyà wò. Mo kọ̀. Ó ní ìgbà mìíràn orí ọmú tó wọlé máa ń yọ, kí n fún ọmọ láyè. Mo ní kó bá mi gbé ẹ̀rọ mi wá. Ó gbé ọmọ lọ, àwọn nọ́ọ̀sì ló sì ń fi ife kékeré fún wọn ní ìwọ̀nba tó ń jáde.

Nígbà tí omi ọmú náà yọ tán, ó yọ. Ìgò kún, mo pààrọ̀ rẹ̀, èkejì kún. Mo ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Inú mi dùn, kí n má parọ́, inú mi dùn ju bí inú mi ṣe dùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi lọ. Ìyá ọkọ mi gbé ìgò kan lọ sí ojú fèrèsé, wọ́n dúró pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń wò ó.

"Omi wà níbẹ̀," wọ́n ní. Wọ́n gbé ìgò náà kalẹ̀, wọ́n ní, "Ọlọ́run má ka ọ̀rọ̀ ẹnu wa sí wa lọ́rùn."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó gba ẹ̀rọ náà gbọ́ tó wọn. A padà délé, wọ́n gba gbogbo nǹkan kanrí. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa wà nítorí pé ibẹ̀ tutù, òkè ni èmi àti ẹ̀rọ mi wà. N óò jókòó, n óò gbé ife sí àyà, ẹ̀rọ á máa kùn. Kí n tó fún un tán, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti na ọwọ́. Ẹni tó bá wá kí wa gbọ́dọ̀ fún ìbejì lóúnjẹ kó tó lọ, torí wọ́n ní oríire ni. Èèyàn méjì sì ni wọ́n máa ń pè jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má baà wo èkejì lẹ́nu. Àwọn ará Odeda wá, wọ́n fún wọn. Àwọn ìyá ìjọ wá, wọ́n fún wọn. Ọmọ mi obìnrin náà jókòó sáàárín ìrọ̀rí, ó fún wọn. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín gbogbo wọn láti òkè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, mo gbé ìgò méjì sọ̀kalẹ̀ fúnra mi. Àwọn ìyá ìjọ mẹ́rin kan wà ní pálọ̀. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọsibítù, "ẹ kú ọwọ́ lómi" ni gbogbo ènìyàn fi ń kí mi. Lọ́jọ́ yìí, ọwọ́ mi ni wọ́n wò, wọ́n wo ìgò méjèèjì, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá ìbejì." Àwọn yòókù náà ní ẹ kú iṣẹ́.

Mo gbé ìgò kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ kan fún mi kí n fún un.

"Wọ́n ti yó," ìyá ọkọ mi ní. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Lọ sinmi, kí òmíràn lè wá."

Mo dúró láàárín pálọ̀. Mo rò ó padà títí dé ọsibítù, mi ò rí ìgbà kan tí èmi fúnra mi fún èyíkéyìí nínú wọn lóúnjẹ. Gbogbo ilé ló ti fún wọn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ti fún wọn. Ẹ̀rọ ni èmi ń fún ní oúnjẹ. Mo wá àwọn tí n óò bínú sí, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn ń ṣe ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan jí, ẹ̀gbọ́n nínú wọn, ó figbe ta. Mo sáré dé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Mo gbé e, mo gbé e lé èjìká, mo gbọ̀n ọ́n, mo kọrin fún un. Kò dákẹ́. Ńṣe ló ń yí orí kiri, tí ẹnu rẹ̀ là, tó ń wá nǹkan. Ìyá ọkọ mi mú ìgò kan nílẹ̀, wọ́n mì ín, wọ́n ní, "Ó ti dé, ọkọ mi, ó ti dé."

Ọmọ náà dákẹ́. Ó yí orí kúrò lára mi, ó kọ ojú sí ibi tí ohùn náà ti wá.

Àwọn ìyá ìjọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ẹ̀ rí i, ó mọ ìyá ẹ̀," ọ̀kan ní. Kò ní ohun búburú lọ́kàn. Ó dùn mí dé ìdí.

"Gbé e wá," ìyá ọkọ mi ní, wọ́n na ọwọ́.

Mi ò gbé e. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ fún mi ní ìgò yẹn."

"Àsìkò ẹ̀rọ ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó."

"Mo mọ̀, mà."

Wọ́n fi ìgò náà lé mi lọ́wọ́. Mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, mo gbé e sí ẹnu rẹ̀. Ó ń mu, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wá ohùn yẹn, nígbà tó ṣe, ojú rẹ̀ dúró lára mi. Ara mi mọ̀ kí èmi tó mọ̀: ọmú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sun, omi náà rin ẹ̀wù mi, ó ń kán sórí ẹní.

"Ó ń ṣòfò o," ìyá ọkọ mi ní.

Mo ní kó máa ṣòfò.